Akápò wọlé, alága kò lè wọlé mọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa n'Ibàdàn. Mo fẹ́ kí fódà tí ìwé owó ẹgbẹ́ wà lórí wẹ́búsáìtì wa máa béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Apache, ètò tó ń gbé ojú-ewé wẹ́búsáìtì fún àlejò, là ń lò. Mo fi àṣẹ htpasswd kọ orúkọ alága àti ọ̀rọ̀ aṣínà wọn sínú fáìlì .htpasswd nínú public_html, fódà tí àlejò wẹ́búsáìtì ń rí, wọ́n sì wọlé. Mo tún àṣẹ yẹn tẹ̀ fún akápò. Akápò wọlé, ṣùgbọ́n kò gba alága mọ́. Níbo ni mo ti ṣì í?

ÌDÁHÙN: Akọ̀wé wa, ẹ kú làálàá ẹgbẹ́. Lẹ́tà kan péré ló fa gbogbo rẹ̀: c. Ó ní láti jẹ́ pé htpasswd -c lẹ tẹ̀ nígbà méjèèjì. -c ń sọ pé kí a dá fáìlì tuntun. Bí ọ̀kan bá ti wà nílẹ̀, á nù ún nù pátápátá, kò sì ní béèrè lọ́wọ́ yín kó tó ṣe é. Bí mo ṣe pa orúkọ olùkọ́ mọ́kànlá rẹ́ nìyẹn, ní alẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbé máàkì ìdánwò sókè. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo pè wọ́n títí di ọ̀gànjọ́. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ máa lo -c. Àmọ́ kí ẹ tó dá alága padà, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé fáìlì yẹn kúrò nínú public_html, ká ní sí /home/egbe. Lóòótọ́, Apache kì í sábà fi fáìlì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú .ht han àlejò, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn nìkan. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ:

htpasswd -B /home/egbe/.htpasswd alaga

-B ń lo bcrypt, ọ̀nà kan láti yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà kí a tó fi pa mọ́ sínú fáìlì, tó ṣòro fọ́ ju ti àtijọ́ lọ. Ẹ wá tún .htaccess, fáìlì tó ń sọ òfin fódà náà fún Apache, ṣe:

AuthType Basic
AuthName "Iwe Owo"
AuthUserFile /home/egbe/.htpasswd
Require valid-user

Ẹ kọ ọ̀nà fáìlì náà ní kíkún, láti orí / àkọ́kọ́. Bí ó bá ṣì, àṣìṣe 500 (pé nǹkan bàjẹ́ lọ́dọ̀ sáfà) lẹ ó rí lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà tán.

Èyí tó ká mi lára jù ni https, tó ń bo ìsọfúnni lójú ọ̀nà. Basic, ọ̀nà ìwọlé tí a kọ sókè yẹn, kì í fi ọ̀rọ̀ aṣínà pa mọ́. Base64 lásán, ọ̀nà ìkọ̀wé tí kì í ṣe àṣírí, ló fi ń wé e, ẹni tó bá sì ń yọjú wo ìsọfúnni lórí Wi-Fi kan náà lè tú u. Ọ̀fẹ́ ni ìwé ẹ̀rí https tí Let's Encrypt ń fúnni. Ẹ fi sí i kí ẹnikẹ́ni tó tún wọlé.

Bí sáà akápò bá sì pé, htpasswd -D ni ẹ ó fi yọ orúkọ rẹ̀ nìkan.