Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Èdè Ta Ni Mọ́hùnmáwòrán Ń Sọ?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni èmi àti màmá mi ń gbé. Bí ìròyìn aago mẹ́sàn-án alẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, màmá mi a yíjú sí ọmọ mi tó wà ní ìwé kẹfà, wọn a ní, "Kí ni wọ́n wí?" Ohun tí a fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ, ọmọ náà á ní, "Màmá, epo tún ti wọ́n." Ó tán. Bí eré Yorùbá bá sì dé, ẹni tó bá ń sọ Èkìtì nínú rẹ̀, ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ní tí wọ́n bá ń fi èdè gbogbo sọ̀rọ̀, Nàìjíríà á túká. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ bá wa kí màmá. Ohun tí ọ̀rẹ́ yín ń bẹ̀rù kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mọ́hùnmáwòrán bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959, ìjọba ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ló dá a sílẹ̀. Enugu tẹ̀ lé e ní 1960, Kaduna ní 1962, kí òfin kan tó kó àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí jọ sábẹ́ NTA, ilé iṣẹ́ mọ́hùnmáwòrán ìjọba àpapọ̀, ní 1977. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣètò ti ń wo òǹwòran bí ẹni pé ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n, tó kàwé, tó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin ilẹ̀ wa gan-an kò rò bẹ́ẹ̀: abala 55 ìwé òfin 1999 gba Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá láyè nínú Ilé Aṣòfin Àpapọ̀, bí ètò bá ti wà fún un. Èdè tí a lè fi jíròrò òfin, ó yẹ kí a lè fi ka ìròyìn.

Lóòótọ́, ẹni tó lówó dikódà lè rí ìkànnì tó jẹ́ kìkì eré Yorùbá. Ṣùgbọ́n eré nìyẹn. Owó epo, àjàkálẹ̀ àrùn àti ètò ìdìbò ni màmá yín ń béèrè.

Ní ti ẹ̀ka-èdè, ọ̀rọ̀ náà dùn wá púpọ̀. Yorùbá àjùmọ̀lò tí à ń kọ yìí, ọ̀dọ̀ àwọn Ọ̀yọ́ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá. Ẹni tó pe ilé ní "ulé" kò ṣàṣìsọ rárá. Bí ọmọ Èkìtì bá sì dàgbà láìgbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lẹ́nu dókítà tàbí ọ̀gá ilé ìwé lórí mọ́hùnmáwòrán, àfi lẹ́nu ẹni tí a fi ń ṣẹlẹ́yà, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn náà pamọ́ níwájú àlejò.

Síbẹ̀, a ní láti bi ara wa léèrè pẹ̀lú. Àwọn Ẹ̀bìrà wà káàkiri oko wa ní Èkìtì, wọ́n ń dáko, wọ́n ń bímọ síbẹ̀. Bí a bá kéde ibà Lassa ní Yorùbá nìkan, ta ni yóò sọ fún ìyálé tó dá wà nínú abà, tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa, pé kí ó bo gààrí rẹ̀ kí eku má baà dé ibẹ̀? Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe fún màmá yín ni àwa náà ń ṣe fún un. Ìṣẹ́jú márùn-ún lédè Ẹ̀bìrà lójúmọ́ kò lè tú ìpínlẹ̀ wa ká.

A dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996, a sì ti ní ilé iṣẹ́ mọ́hùnmáwòrán tiwa ní Adó, kò sì pọn dandan kí a dúró de Àbújá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ màmá àwọn ìròyìn tí wọ́n fẹ́ máa gbọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ohùn Ìkẹ́rẹ́, kí ẹ sì mú ìwé náà lọ bá wọn ní Adó.