Pọ́ǹpù epo tó ń kùn bí yànmùyánmú: ẹ má tíì ra òmíràn

Ẹ̀gbọ́n, mo ti ka ohun tí ẹ sọ. Corolla 2004, ohùn kan tó ń kùn lábẹ́ àga ẹ̀yìn, tó máa ń le sí i tí epo bá ti ń tán tàbí tí ẹ bá wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lọ́sàn-án gangan. Mẹkáníìkì ti ní pọ́ǹpù ti kú, kí ẹ mú owó wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di owó yín mú ná. Irú ọkọ̀ yín ni mo ní, ti 2005, pọ́ǹpù mẹ́ta ni mo sì rà láàárín ọdún kan àbọ̀. Méjì nínú wọn, ṣe ni mo kàn da owó sínú àgbàrá.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé pọ́ǹpù ló ń pariwo. Ẹ tan ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó dúró lójú kan, kí ẹ wá gbá iwájú àga ẹ̀yìn mú, kí ẹ já a sókè. Ẹ ó rí ìdérí pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dúdú lẹ̀ mọ́lẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni pọ́ǹpù wà. Ẹ gbé etí lé e, kí ẹnì kan máa tẹ iná mọ́ ọkọ̀ níwájú. Tí ohùn yẹn bá ń gòkè tó ń sọ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, ẹ padà síwájú lọ wo ọ̀tánétọ̀ (èyí tó ń fún bátìrì níná) àti pọ́ǹpù sítíárìn, nítorí pọ́ǹpù epo ọkọ̀ yìí kì í tẹ̀lé ìṣísẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí ọkọ̀ bá ń rìn nìkan ni ẹ ń gbọ́ ọ, bíárìn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni kí ẹ fura sí. Aládùúgbò mi kan ti ra pọ́ǹpù nítorí bíárìn rí. Pọ́ǹpù tó dáa náà máa ń kùn, àmọ́ kíkùn jẹ́jẹ́ ni. Èyí tó wà nínú wàhálà máa ń han.

Pọ́ǹpù àkọ́kọ́ tí mo rà, Bẹ́ljíọ̀mù ni, ìyẹn àlòkù òkè òkun. Ó dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó tún bẹ̀rẹ̀. Èkejì, tuntun inú páálí ni wọ́n pè é. Nígbà tó yá ni mo tó rí i pé orúkọ tó wà lápá kan páálí náà fi lẹ́tà kan gùn ju ti apá kejì lọ. Oṣù mẹ́rin ló lò. Ibi tó ti dá mi dúró ni ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, mo ti kọjá Ṣàgámù, ìyá mi wà nínú ọkọ̀, ilẹ̀ sì ń ṣú lọ. Ẹ fojú inú wo àdúrà tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà.

Bàbá mẹkáníìkì kan tí wọ́n júwe fún mi lẹ́yìn ìyẹn kò tiẹ̀ wo pọ́ǹpù. Ohun tó bi mí ni pé, "Ṣé ẹnikẹ́ni ti wo inú táńkì?" Kò sẹ́ni tó wò ó. Pọ́ǹpù tuntun ni gbogbo wọn ń jù sínú ìdọ̀tí àtijọ́.

Ohun tí bàbá ṣàlàyé rèé. Inú epo ni pọ́ǹpù yìí ń gbé, epo yẹn náà ló ń tù ú lára. Asẹ́ kan wà lẹ́nu rẹ̀ tó ń gba ìdọ̀tí dúró kí epo tó wọlé. Tí asẹ́ bá ti dí, pọ́ǹpù á máa fi tipátipá fa epo, epo á sì máa hó sí èéfín lẹ́nu rẹ̀. Híhó yẹn ló ń dún bí yànmùyánmú létí yín. Tí táńkì bá tún ṣófo, tí epo tó kù ti gbóná nínú oòrùn, híhó náà á pọ̀ sí i. Ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé ìgbà tí epo yín bá lọ sílẹ̀ ló máa ń pariwo jù. Mo mọ̀ pé láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kò rọrùn láti kún táńkì, àmọ́ ẹ má máa jẹ́ kó dé ibi tí iná pupa ń tàn.

Nígbà tí a fa tèmi jáde, asẹ́ náà dúdú bí kànìnkànìn tí wọ́n fi fọ ìkòkò ọbẹ̀ fún ọdún kan. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, nǹkan bí iyanrìn ṣàn jáde, pẹ̀lú ohun kan tó ń yọ̀ bọ̀ọ̀rọ̀. A bu epo ìsàlẹ̀ táńkì sínú ike omi tó mọ́ gaara, a gbé e sílẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Omi ló wà nísàlẹ̀ ike, ó ga tó ìka méjì, epo léfòó sórí rẹ̀. Ẹ ṣe irú rẹ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun. Epo inú jálákàn tí mo máa ń rà lẹ́bàá títì nígbà ọ̀wọ́n epo ni mo fura sí. Ike kì í rí ohun gbogbo o: ẹ rántí epo oṣù Kejì ọdún 2022 tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀, ojú lásán kò lè dá ìyẹn mọ̀.

Ẹ tún wo iná. Ẹ fi mítà wọn iná lẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì pọ́ǹpù nígbà tí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, kí ẹ fi wé ti bátìrì. Tí bátìrì bá ń fi 14 fóòtì hàn tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ń fi 11 hàn, wáyà ni àìsàn yín. Nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì tèmi, ẹsẹ̀ kan ti jóná díẹ̀, torí pọ́ǹpù tó ń jìyà máa ń fa iná ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn iná, kí wọ́n fi géèjì wọn pressure epo, ìyẹn agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti epo lọ; psi ni wọ́n fi ń kà á. Fún Corolla yìí, 44 sí 50 psi ló yẹ kó jẹ́. Pọ́ǹpù páálí mi ń fún mi ní 31.

Tó bá wá jẹ́ pé ẹ ní láti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí epo táńkì kù díẹ̀, kí ẹ sì ṣe é níta gbangba. Mo ti ń tú bóòtù lọ́wọ́ kí n tó rí i pé ìyàwó ilé kejì ń dín dòdò lórí sítóòfù ní kọ́rídọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un kó tó gbà láti pa á. Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì pọ́ǹpù, kí ẹ tan ọkọ̀ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀, kí epo inú páìpù má baà tú sí yín lójú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tú orí bátìrì. Ẹ fọ gbogbo eruẹ̀ tó wà lórí táńkì dànù kí ẹ tó ṣí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ inú epo ni yóò já sí. Ẹ gbọ́n ìsàlẹ̀ táńkì gbẹ, ẹ fi aṣọ tí kò ní òwú nù ún.

Ẹ ra asẹ́ tuntun mọ́ pọ́ǹpù. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ju tìmùtìmù rọ́bà kékeré tó wà nídìí pọ́ǹpù nù. Òun ni kì í jẹ́ kí ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ dé ara táńkì, pọ́ǹpù mi èkejì kò sì ní in. Rọ́bà ńlá tó yí ẹnu táńkì ká náà, ẹ ra tuntun. Bí ti àtijọ́ bá ti mu epo, á wú, kò ní í wọ ojú ihò rẹ̀ mọ́. Mo fi tipá tẹ tèmi wọlé nígbà kan, odindi ọjọ́ mẹ́ta ni ìyàwó mi fi ṣí gbogbo wíńdò lọ sí ibi iṣẹ́.

Tí ẹ bá tò ó tán, ẹ tan ọkọ̀ kí ẹ tó dá ìdérí àti àga padà, kí ẹ wo ẹnu páìpù bóyá ó ń jò. Pọ́ǹpù kẹta mi ti lé ní ọdún méjì báyìí, 47 psi ló ń fún mi, mo sì ní láti pa rédíò kí n tó gbọ́ ọ.

Ohun kan ṣẹ́ kù: tí ẹ bá ń fa pọ́ǹpù jáde, apá tín-ín-rín kan wà lára rẹ̀ tí ohun tó ń léfòó lórí epo so mọ́, òun ló ń sọ iye epo tó kù fún géèjì epo. Ẹ rọra yọ ọ́ jáde, ẹ má jẹ́ kó tẹ̀. Tèmi tẹ̀. Títí dòní, bí mo bá kún táńkì dé ẹnu, géèjì epo ń bá mi jiyàn pé ìlàjì ni.