Èsì: Ṣé kí n wo Batman: The Killing Joke, àbí kí n fi sílẹ̀?

Ará Ìbarà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní ariwo àwọn olólùfẹ́ Batman kò jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá kẹ́ ẹ wo fíìmù kàtúùnù yìí. Ẹ wò ó, ṣùgbọ́n ẹ fo nǹkan bí ìdajì wákàtí àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni ariwo náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwé àwòrán tí wọ́n gbé fíìmù náà kà, tó jáde ní 1988, kò tó ojú ewé 50, kò lè kún fíìmù. Ní 2016, wọ́n wá lẹ ìtàn Batgirl, ìyẹn Barbara tó ń bá Batman gbógun ti ọ̀daràn, mọ́ iwájú rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí òun àti Batman bá ara wọn sùn lórí òrùlé. Ta ló bẹ̀ wọ́n? Ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ ni wọ́n lójú àwa tó ń ka ìwé yìí.

Lẹ́yìn ibẹ̀, fíìmù náà tẹ̀ lé ìwé dáadáa. Ẹ̀rín Joker, ọ̀tá Batman, tí òṣèré Mark Hamill ń rín nìkan tó owó dátà yín.

Ẹni tó fẹ́ dá wò ó ni mo ń bá sọ̀rọ̀ o. Ẹ ní ẹ fẹ́ gbé e sí tẹlifíṣọ̀n fáwọn àbúrò yín ní Kútọ̀ lọ́jọ́ Sátidé: ẹ má dán an wò. Barbara ṣílẹ̀kùn báyìí, Joker yìnbọn lù ú níkùn. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ọmọ tí kò tíì pé 17 kò gbọ́dọ̀ wò ó ní sinimá láìsí àgbàlagbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fi Spider-Man: Into the Spider-Verse hàn wọ́n, ìyẹn á dùn mọ́ wọn.