Fún ẹni tí oorun ti dá lójú rẹ̀ nítorí àwọn ajínigbé

Ẹ ní láti ìgbà tí wọ́n ti jí aládùúgbò yín gbé lójú ọ̀nà Ṣàgámù sí Benin ni oorun ti dá lójú yín, àti pé ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ fún yín pé onígbàgbọ́ kì í bẹ̀rù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tonítọ̀hún ṣe. Bóyá wọn ò tíì gbé ẹnì kankan nílé tiẹ̀ rí ni.

Wọ́n gbé nílé tiwa. Àbúrò mi ọkùnrin ni, Ìjẹ̀bú-Òde ló ti ń bọ̀ wá sí Ṣàgámù níbí, ìrìn tí gbogbo wa ń rìn láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. A kọ́kọ́ gbọ́ pé wọ́n rí ọkọ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni fóònù dún. Mi ò ní ròyìn owó tí a dá. Ẹni tó bá ti dá irú ẹ̀ rí mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò bá dá a rí, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó mọ̀ ọ́n.

Àwọn èèyàn wá, wọ́n gbàdúrà kíkankíkan. Ẹnì kan ní Sáàmù 35 ni ká fi bá ọ̀tá jà; ẹlòmíràn ní ká ka 91 sínú omi, ká wọ́n ọn sẹ́nu ọ̀nà. Mi ò bá wọn jiyàn, ìfẹ́ ló gbé wọn wá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti lọ tán, tí ilé pa rọ́rọ́, ẹ̀rù á tún dé, ìtìjú á tẹ̀lé e: ṣé ìgbàgbọ́ mi ò tó ni?

Bíbélì kan wà nílé, ti ìyá wa àgbà, àkọtọ́ àtijọ́. Òun là ń kà ní pálọ̀ nígbà kónílé-ó-gbélé ní oṣù kẹrin ọdún 2020, tí Kòrónà ti ṣọ́ọ̀ṣì pa ní Ògùn, tí a ṣe Àjíǹde nínú ilé. Inú rẹ̀ ni mo ti ka Sáàmù 56 lóru ọjọ́ kan. Ẹ wo àkọlé rẹ̀: nígbà tí àwọn Fílístínì mú Dáfídì ní Gátì. Ẹni tí wọ́n mú ló ni orin náà! Gátì, ìlú Gòláyátì tí Dáfídì fi òkò pa níṣojú gbogbo ayé. Kí ló wá sọ ní ẹsẹ kẹta? "Nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà mí, èmi ó gbẹ́kẹ̀lé ọ." Kò sọ pé ẹ̀rù ò ba òun. Ní ẹsẹ kẹjọ, ó ní kí Ọlọ́run fi omijé òun sínú ìgò. Mo sunkún dáadáa lóru yẹn, ìtìjú náà ò sì padà wá mọ́. Ẹ̀rù ń padà wá ní tiẹ̀.

Ẹ tún ka 1 Àwọn Ọba 19. Wòlíì Èlíjà sá fún Ayaba Jésíbẹ́lì tó fẹ́ pa á, ó ní kí òun kúkú kú. Áńgẹ́lì tó dé ò bá a wí, kò sì ní kó gbààwẹ̀. Àkàrà àti omi ló gbé fún un: ó jẹ, ó sùn, ó tún jẹ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan se ìkọ́kọrẹ́ wá fún mi, ó jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán, ó tẹ́ ẹní, ó sùn tì mí. Mi ò rántí pé ó gbàdúrà kankan sókè.

Àbúrò mi dé. Ẹni tí wọ́n jọ gbé ò dé. Ìyá tiẹ̀ náà ń ka 91, ó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n sórí jù mí lọ. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹsẹ báyìí ló yọ tiwa, ẹ má gbà á gbọ́. 91 yìí kan náà ni Sátánì kà sí Jésù létí lórí òrùlé tẹ́ḿpìlì pé kó bẹ́ sílẹ̀, áńgẹ́lì á gbé e. Jésù ò bẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mò ń kà á, àmọ́ kì í ṣe ọfọ̀. Bí mo bá lọ kí ìyá yẹn, Sáàmù 88 la máa ń kà pọ̀, èyí tó parí sínú òkùnkùn láìsí halelúyà kankan. Ó ní ó bá òun lára mu.

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ pa WhatsApp tì. Ìròyìn ajínigbé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ni kò ní orí tàbí ìdí. Ẹ rìn lọ́sàn-án, ẹ má rìn lóru, ìyẹn kì í ṣe àìgbàgbọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan wá sùn tì yín. Bí oorun ò bá sì wá rárá, ẹ lọ rí dókítà. Ní alẹ́ òní, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 56, ẹsẹ 13 péré ni, kí ẹ kà á sókè kí etí yín gbọ́.