Èsì: ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ ọmọ ọdún 10 tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò Ọyán

Ẹ kú àníyàn ọmọ. Bí ẹ̀jẹ̀ náà ṣe ń yọ ní ìparí ìtọ̀ yìí jọ àtọ̀sí ajá, tí kòkòrò tó ti ara ìgbín omi jáde ń fà bó bá gba awọ ara wọlé. Ẹ gbé ìtọ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, èyí tó bá tọ̀ láàárín aago 10 òwúrọ̀ sí aago 2 ọ̀sán, torí ìgbà yẹn ni ẹyin kòkòrò ń pọ̀ nínú rẹ̀. Praziquantel ni oògùn rẹ̀, ìwọ̀n ara ni wọ́n sì fi ń kà á.

Bí ìtọ̀ bá sé, tàbí tí ibà bá dé, ẹ má dúró di ọ̀la.

Ti bàbá rẹ̀, ẹni ọdún 52, tó rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ tirẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan láìsí ìrora, ló tiẹ̀ ń kọ mí lóminú jù: ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀, bí ẹ̀jẹ̀ náà tilẹ̀ ti dá.