Ẹ Bi Wá: Faina Ranevskaya, òṣèré tí ipa kékeré kì í kéré lọ́wọ́ rẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kà á pé Ranevskaya kì í ṣe orúkọ àbísọ òṣèré ará Rọ́ṣíà yìí. Níbo ló ti rí i?

ÌDÁHÙN: Inú eré ìtàgé Chekhov, òǹkọ̀wé ará Rọ́ṣíà, ló ti mú un. Feldman ni orúkọ ìdílé rẹ̀, Júù olówó ni wọ́n ní ìlú Taganrog, níbi tí wọ́n bí i sí ní 1896. Ìlú yẹn náà ni wọ́n bí Chekhov sí. Ranevskaya ni ìyá olóko ṣẹ́rì nínú eré rẹ̀ Vishnyovy Sad (Ọgbà Ṣẹ́rì), ẹni tí owó kì í dúró sí lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó kúrò ní Rọ́ṣíà ní 1917, Faina kò bá wọn lọ. Ìtàgé ló dá a dúró. Akólòlò sì ni láti kékeré o!

ÌBÉÈRÈ: Bó bá mọ eré ṣe tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn kò fi fún un ní ipa ńláńlá nínú fíìmù?

ÌDÁHÙN: Ojú rẹ̀ wà lára ohun tó fà á. Ní 1942, Eisenstein, olùdarí fíìmù, fẹ́ kó ṣe ipa Efrosinia nínú fíìmù Ivan Grozny. Bolshakov, ọ̀gá tó ń bójú tó fíìmù ní Soviet nígbà náà, kọ̀wé pé ojú Júù rẹ̀ hàn jù, pàápàá bí kámẹ́rà bá sún mọ́ ọn. Serafima Birman ló gba ipa náà.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń fi ipa kékeré ṣe. Pyshka (1934), fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́, kò ní ohùn rárá, inú ìtàn Maupassant, òǹkọ̀wé ará Faransé, ni wọ́n sì ti yọ ọ́. Síbẹ̀ ó kọ́ ọ̀rọ̀ Madame Loiseau, ipa tó ṣe, sórí ní èdè Faransé gan-an, kí ètè rẹ̀ lè máa rìn bí ti ará Faransé.

Ní ilé ìtàgé Mossovet ní Moscow, ìran kan péré ló ní nínú eré Shtorm: Manka, oníṣòwò fàyàwọ́ tí àwọn Cheka, ọlọ́pàá inú ti Soviet, ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Fúnra rẹ̀ ló tún ọ̀rọ̀ Manka kọ. Bí ìran yẹn bá ti parí báyìí, àwọn òǹwòran kan á dìde, ó di ilé. Zavadsky, olùdarí, bá yọ ọ́ kúrò. Ó dunni, ṣùgbọ́n a kò lè dá a lẹ́bi tán: ta ni yóò wá wo ìyókù?

ÌBÉÈRÈ: Èwo ni kí n kọ́kọ́ wò? Ṣé òótọ́ sì ni àwọn ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pín kiri?

ÌDÁHÙN: Ẹ fi Zolushka (1947), fíìmù ìtàn Cinderella, bẹ̀rẹ̀, ìyàwó bàbá ló ṣe níbẹ̀, ẹ ó sì lóye rẹ̀ bí ẹ kò tilẹ̀ gbọ́ èdè Rọ́ṣíà. Ẹ wá wo Podkidysh (1939), níbi tó ti ń kígbe mọ́ ọkọ rẹ̀ pé, “Mulya, má dà mí láàmú!” Gbólóhùn yìí kò fi í sílẹ̀ títí ó fi kú ní 1984. Àwọn ọmọdé á máa sáré tẹ̀lé e ní títì, “Mulya! Mulya!”, ó sì kórìíra rẹ̀ gidigidi. Fíìmù Mechta ni kẹ́ ẹ fi kádìí ẹ̀.

Ní ti àwọn ọ̀rọ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ ni wọ́n kàn fi lẹ́nu rẹ̀. Bí wọn kò bá dárúkọ ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, tí ẹ sì tún rí i lábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn, ẹ má pín in.