Ìbéèrè Òǹkàwé: Owó Oṣù Ọkùnrin àti Obìnrin Lẹ́nu Iṣẹ́

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó ní ilé iṣẹ́ kan. Láìpẹ́ yìí ni mo ṣèèṣì rí ìwé owó oṣù ọkùnrin kan tí wọ́n gbà lẹ́yìn mi, tí èmi fúnra mi sì kọ́ ní iṣẹ́ náà, mo sì rí i pé owó rẹ̀ ju tèmi lọ dáadáa. Nígbà tí mo béèrè, ọ̀gá mi ní iye tí ọkùnrin náà béèrè lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á ni wọ́n fún un, pé èmi kò béèrè ju iye tí wọ́n fi lọ̀ mí. Ṣé ẹ̀bi mi ni? Kí ni mo lè ṣe? — Òṣìṣẹ́ ìṣirò owó

Ìdáhùn: Ẹ̀bi yín kọ́. Ojúṣe agbanisíṣẹ́ ni láti mọ iye tí iṣẹ́ kan tó, kí ó sì san án fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ṣe é. Ohun tí ó lè mú kí owó ẹni méjì tí ń ṣe iṣẹ́ kan náà yàtọ̀ láìsí ojúsàájú ni ìrírí, ìwé ẹ̀rí tí iṣẹ́ náà nílò, iye ọdún lẹ́nu iṣẹ́, tàbí àṣeyọrí tí a lè wọ̀n. Nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ kọ́ ọ ní iṣẹ́, ó ṣòro fún mi láti rí èyí tí ó lè gbè é nínú wọn. Ẹ má sì fojú kékeré wo ìyàtọ̀ náà. Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, orí owó oṣù tí ẹnì kan ń gbà ni wọ́n ti ń ṣírò àfikún ọdọọdún, àjẹmọ́nú àti owó ìfẹ̀yìntì, nítorí náà àlàfo tí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbanisíṣẹ́ yóò máa fẹ̀ sí i títí di ọjọ́ ogbó.

Àṣírí ni ó ń bọ́ irú ìwà yìí. Ní Amẹ́ríkà, Lilly Ledbetter ṣe alábòójútó ní ilé iṣẹ́ táyà kan fún nǹkan bí ogún ọdún kí ẹnì kan tí kò kọ orúkọ ara rẹ̀ tó fi ìwé pélébé kan sílẹ̀ fún un, tí ó fi mọ̀ pé owó òun kéré sí ti àwọn ọkùnrin tí àwọn jọ wà ní ipò kan náà. Ó pẹjọ́, ṣùgbọ́n ní 2007 ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà ní ó ti pẹ́ jù, pé láàárín ọjọ́ 180 tí wọ́n ṣe ìpinnu lórí owó rẹ̀ ni ó yẹ kí ó ti wá. Báwo ni ènìyàn ṣe fẹ́ tètè pẹjọ́ lórí ohun tí wọ́n fi pamọ́ fún un? Òfin tí ó ń jẹ́ orúkọ obìnrin náà, tí Ààrẹ Obama buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2009, ni ó tún èyí ṣe: gbogbo ìgbà tí wọ́n bá san irú owó bẹ́ẹ̀ ni òǹkà ọjọ́ ìpẹ̀jọ́ tún bẹ̀rẹ̀. Ìṣọ̀kan Yúróòpù tilẹ̀ gbógun ti àṣírí náà fúnra rẹ̀. Àṣẹ tí wọ́n gbé jáde ní 2023 ní kí agbanisíṣẹ́ sọ iye owó tí ó wà fún ipò kan kí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó wáyé, ó kà á léèwọ̀ láti béèrè iye tí olùwáṣẹ́ ń gbà tẹ́lẹ̀, ó sì fún òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ìpíndọ́gba owó àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin.

Ní tiyín, ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ, kí ẹ béèrè ìlànà tí wọ́n fi ń pinnu owó oṣù ní ipò yín, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ má dárúkọ ọkùnrin náà. Kò ṣẹ̀ yín, kò sì yẹ kí ìjà bọ́ sáàárín ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ tọ́jú ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìwé ìgbéga àti àbájáde àyẹ̀wò iṣẹ́ yín. Bí ẹ bá ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹ fi tó wọn létí, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni ọ̀rọ̀ kàn. Kí ẹ sì tètè wádìí iye ọjọ́ tí òfin ibi tí ẹ wà fi sílẹ̀ fún ìpẹ̀jọ́.

Ìbéèrè: Èmi ni mo ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ wa. Ọkùnrin àti obìnrin tí ń ṣe iṣẹ́ kan náà ń gba iye kan náà lọ́dọ̀ wa. Síbẹ̀, nígbà tí a ṣírò ìpíndọ́gba, ti àwọn obìnrin kéré sí ti ọkùnrin púpọ̀. Àwọn ọ̀gá ní níwọ̀n ìgbà tí a kò ti ṣe ojúsàájú, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣé ó ti parí lóòótọ́? — Alábòójútó òṣìṣẹ́

Ìdáhùn: Kò tíì parí. Ó dára tí ẹ ṣe ìṣirò náà, nítorí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í fẹ́ mọ̀. Láti 1951 tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Lágbàáyé ti fọwọ́ sí Àdéhùn nọ́ńbà 100 ni ọ̀rọ̀ ti kọjá iṣẹ́ tí orúkọ wọn jọra. Àdéhùn náà ní iṣẹ́ méjì tí wọ́n bá níye lórí bákan náà gbọ́dọ̀ mú owó kan náà wá, ìbáà jẹ́ pé iṣẹ́ wọn kò jọra rárá. Ibẹ̀ ni kí ẹ lọ wò: ìpele wo ni wọ́n to iṣẹ́ tí obìnrin pọ̀ sí nínú rẹ̀, ta sì ni ó tò ó?

Ní 1968, àwọn obìnrin 187 tí ń rán aṣọ ìjókòó ọkọ̀ ní ilé iṣẹ́ Ford ní Dagenham, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé wọ́n to iṣẹ́ wọn sí ìpele àwọn tí kò kọ́ṣẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí kò bá yege ìdánwò ìránṣọ kò lè rí iṣẹ́ náà gbà. Iṣẹ́ ọkọ̀ dúró, Mínísítà Barbara Castle dá sí i, wọ́n sì gbé owó àwọn obìnrin náà dé ìdá 92 nínú 100 ti ọkùnrin. Ìjà wọn ni ó ṣí ọ̀nà fún òfin owó dídọ́gba tí ìjọba ibẹ̀ ṣe ní 1970. Ṣùgbọ́n ìpele tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jà gan-an, ó di 1984, lẹ́yìn ìdaṣẹ́sílẹ̀ mìíràn, kí ó tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Owó rọrùn láti fi kún ju kí agbanisíṣẹ́ gbà pé iṣẹ́ obìnrin jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí a kọ́.

Ẹ kó gbogbo owó tí ń wọlé fún òṣìṣẹ́ jọ, kì í ṣe owó oṣù nìkan. Àjẹmọ́nú ni ibi tí ìyàtọ̀ máa ń fara pamọ́ sí jù. Ní Birmingham, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà kan rí, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tí ń kó ìdọ̀tí, tí ọkùnrin pọ̀ nínú wọn, ń gba àjẹmọ́nú tí àwọn olùtọ́jú arúgbó àti olùfọ̀ilé tí wọ́n wà ní ìpele kan náà kì í gbà, owó tí ìjọba ìbílẹ̀ náà ti san nítorí ẹjọ́ rẹ̀ sì ti kọjá bílíọ̀nù kan pọ́ùn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lé òṣùwọ̀n mẹ́rin: ìmọ̀ tí ó gbà, agbára tí ó ń gbà, ẹrù tí ó gbé lé ènìyàn lọ́wọ́, àti bí ibi iṣẹ́ náà ti rí. Kí àwọn obìnrin tí ń ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí wà lára ìgbìmọ̀ tí yóò wọ̀n ọ́n. Ẹ kíyè sí agbára dáadáa, nítorí ẹni tí ó gbé àpótí wúwo ni gbogbo ènìyàn ń rí. Ẹni tí ó ń gbé aláìsàn dìde lórí ibùsùn, tí ó sì ń fi sùúrù tu ẹni tí ìbẹ̀rù mú nínú, wọ́n a ní ìwà inú rere ni. Ní New Zealand, Kristine Bartlett, obìnrin kan tí ń tọ́jú arúgbó, gbé èyí lọ sí ilé ẹjọ́, nígbà tí ó sì di 2017 ìjọba ṣe àdéhùn tí ó tó bílíọ̀nù méjì dọ́là ilẹ̀ náà láti gbé owó àwọn olùtọ́jú sókè.

Bí ẹ bá rí àlàfo, ti ẹni tí owó rẹ̀ kéré ni kí ẹ gbé sókè. Òfin owó dídọ́gba ti Amẹ́ríkà, ti 1963, tilẹ̀ kà á léèwọ̀ láti gé owó ẹnikẹ́ni kí nǹkan lè dọ́gba, mo sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí níbi gbogbo.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe ìbímọ ni ó ń fa gbogbo èyí? Ẹni tí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ tọ́ ọmọ, báwo ni yóò ṣe gba iye kan náà pẹ̀lú ẹni tí kò lọ? — Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta

Ìdáhùn: Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín, bàbá. Claudia Goldin, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 2023, fi hàn pé lẹ́yìn àkọ́bí ni púpọ̀ nínú àlàfo ayé òde òní ń bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í ṣe ti ìyá nìkan, ẹ̀yin náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí Goldin rí ni pé iṣẹ́ kan wà tí ń san owó àsanlé ńlá fún ẹni tí ó bá wà ní ìmúrasílẹ̀ lọ́sàn-án lóru, nítorí náà nínú ìdílé, ẹnì kan a gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnì kejì, tí ó sábà máa ń jẹ́ ìyá, a gba èyí tí ó fàyè sílẹ̀. Ó fi àwọn apòògùn Amẹ́ríkà ṣe àpẹẹrẹ òdìkejì: nígbà tí ètò iṣẹ́ wọn yí padà, tí apòògùn kan lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èkejì láìsí wàhálà, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ààbọ̀ ọjọ́ kò tún pàdánù lórí owó wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ yín náà lè ṣe é. Ẹ bi wọ́n bóyá ìsinmi wà fún bàbá ọmọ tuntun, bí ó bá sì wà, kí ẹ̀yin ọkùnrin gbà á.